Ẹnu Ọ̀nà Méjì Ilé Fákẹ́yẹ

Nígbà tí ọbabìnrin òyìnbó ṣì ń jọba lókè òkun, ilé bíríkì pupa ni gbogbo olówó Èkó ń lé kiri. Fákẹ́yẹ bíríkìlà kì í ṣe olówó, ṣùgbọ́n òun náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Olówógbowó. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló fẹ́ kọ́, pẹ̀lú fèrèsé gígùn gígùn àti irin olódòdó lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. Ògiri ìsàlẹ̀ ti ga ju ènìyàn lọ, ó ku kó tẹ bíríkì bí ọrun sórí ẹnu ọ̀nà, ni ikú dé.

Ẹfúnyẹlá, aya rẹ̀, ló máa ń po ẹfun àti iyanrìn tó fi ń lẹ bíríkì fún un. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó ní òun yóò parí ilé náà fún àwọn ọmọ òun. Láoyè, àbúrò olóògbé, bú sẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́nu dídùn ni Láoyè. Ó lè ta omi fún ẹja.

"Ìyàwó, ilé kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀. Gbé e fún mi, kí o kó àwọn ọmọ lọ sílé bàbá rẹ."

"Ọkọ mi, ẹ má bínú," ni Ẹfúnyẹlá dáhùn, "mi ò lọ síbì kankan."

Bàbá Ṣóbándé, olórí ẹbí, ló dá sí i. Ó ní kí ìyàwó kọ́ ẹnu ọ̀nà iwájú, kí Láoyè kọ́ ti ẹ̀yìn; ẹni tí tirẹ̀ bá dúró ni yóò ni ilé. Ojú opó náà ṣú, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá kùnà, òun àti àwọn ọmọ di aláìnílé nìyẹn. Síbẹ̀ ó wé gèlè rẹ̀ le, ó sì ki ọwọ́ bọ ẹfun.

Ó fi igi gbé bíríkì rẹ̀ ró, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ igi náà. Fákẹ́yẹ ti kọ́ ọ pé ẹfun gbọ́dọ̀ gan kí igi tó kúrò.

Láoyè kò ní sùúrù ẹfun. Amọ̀ ló fi lẹ bíríkì tirẹ̀. Níbi tí amọ̀ náà ti gbẹ jù, ó tutọ́ sí i, ó fi àtàǹpàkò dán an, ó ń kọrin. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ó ti yọ igi tirẹ̀ kúrò, ẹnu ọ̀nà náà sì dúró gan-an. Àwọn ẹbí pàtẹ́wọ́.

"Ìyàwó, arúgbó ni ẹnu ọ̀nà tìrẹ," ni Láoyè ń pariwo. "Ọ̀pá ló fi ń dúró!"

"Ẹ jẹ́ kó fi ọ̀pá dúró," ni Ẹfúnyẹlá wí. "Ilé mi ni, kò sẹ́ni tí yóò kán mi lójú sí i."

Ìgbà ọyẹ́ ni. Ìrì sẹ̀ gan-an mọ́jú. Nígbà tí ẹbí padà wá láàárọ̀, amọ̀ ti rọ̀, bíríkì Láoyè sì ti já lulẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ dúró tì í, ó ń fi ẹsẹ̀ ta bíríkì kan kiri.

"Afẹ́fẹ́ ló wó o," ló sọ.

"Afẹ́fẹ́ wo? Ewé kan ò mì," ni Bàbá Ṣóbándé dá a lóhùn.

Ẹfúnyẹlá kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó dúró di ọjọ́ tí ẹfun rẹ̀ gan dáadáa, ó pe gbogbo ẹbí, ó mú òòlù, ó gbá igi kìíní dànù, ó gbá èkejì. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sábẹ́ ẹnu ọ̀nà náà, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gbójú sókè.

"Bó bá máa wó, kó wó lé mi lórí!"

Kò wó. Bàbá Ṣóbándé yíjú sí Láoyè, ó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún un. Ọ̀rọ̀ náà ni àwọn àgbà gbà lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n sì fi ń pòwe dòní, pé: ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.