Ọ̀nà Erinmi ní Ẹnu-Ọ̀sà

Ìdààmú Abíọ́nà kò ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n ẹyọ kan náà tóbi ju ọkọ̀ tí ó fi ń pẹja lọ. Erinmi ni.

Ní Ẹnu-Ọ̀sà, níbi tí igbó, ẹrẹ̀, ọ̀sà àti òkun ti pàdé, ohun ẹlẹ́mìí kò wọ́n. Odídẹrẹ́ ń ké lórí igi, akàn ń rìn gẹ̀gẹ̀rẹ̀ lábẹ́ gbòǹgbò igi ẹ̀gbà, lékeléke ń ṣọ́ edé, alábahun òkun a sì máa gòkè wá yé ẹyin sínú yanrìn. Olúkúlùkù ló mọ ààlà tirẹ̀. Erinmi nìkan ni kò mọ ibi tí tirẹ̀ parí. Láàárọ̀ kùtùkùtù, bí ó bá ti jẹ koríko yó, ẹ̀ka odò tí Abíọ́nà fi ń jẹun ni yóò gbà padà sínú ọ̀sà, yóò sì fi àyà wó ọgbà ọparun tí obìnrin náà fi dá ẹja dúró.

Ọkọ Abíọ́nà ti kú. Ẹ̀ka odò yìí ló fi sílẹ̀ fún un pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Àṣà ilé wọn sì le: ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn, ẹnikẹ́ni tó bá ń pẹja nínú omi ẹbí gbọ́dọ̀ gbé ẹja ẹ̀kún ọkọ̀ kan wá fún ọdún àwọn baba ńlá. Ẹni tí kò bá rí i gbé wá, omi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ìdajì ọkọ̀ ni Abíọ́nà gbé wá. Àwọn àgbà fojú fò ó nítorí òkú ọkọ rẹ̀, wọ́n ní kò gbọdọ̀ di ẹ̀ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ náà ni àyà rẹ̀ ti ń já.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó tọ ìyá arúgbó kan lọ ní etí ọ̀sà, ẹni tó ń fi owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún wo ọ̀ràn fún àwọn apẹja. Ọ̀nà-tí-a-kò-rìn-ni-koríko-ń-gbà ni oríkì tí wọ́n fi ń pè é nídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Abíọ́nà kúnlẹ̀. “Ìyá, erinmi fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ọmọ mi. Oògùn tí yóò pa á ni mo wá bẹ̀ yín fún.”

“Jókòó, ọmọ mi. Aláìsàn kì í ti ilé yan oògùn wá.”

Ó da owó ẹyọ náà sílẹ̀. Mẹ́rin ṣíjú sókè, èyí tí í ṣe odù Ìrosùn. Ìyá wò ó pẹ́.

“Ó ní kí o rúbọ. Ẹyẹlé méjì, ìgbín mẹ́rin, àti ọgbà.”

“Ọgbà wo, Ìyá?”

“Ọgbà rẹ. O dí ẹnu omi láti bèbè dé bèbè, bí ẹni pé ìwọ nìkan ni omi ń ṣàn fún. Tú àárín rẹ̀, kí ó fẹ̀ tó ọkọ̀ méjì. Má ju ọ̀kọ̀ lu ẹni tó ń gbà á kọjá. Ìgbà tí omi bá fà ni kí o tó dẹ ìgèrè tí o fi ń mú ẹja.”

“Bí mo bá ṣí i, kí ni yóò dá ẹja dúró?”

“Ohun tí mo rí ni mo sọ. Ìwọ lo ni ọwọ́ tí yóò rú u.”

Ẹyẹlé àti ìgbín kò nira. Ọgbà ló nira. Ọkọ rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ di àwọn ọparun náà, ọdún tí wọ́n bí àbígbẹ̀yìn. Ọjọ́ mẹ́ta ni Abíọ́nà fi ń wò ó. Ní ọjọ́ kẹrin ó wọ inú omi, ó ń tú okùn, ó sì ń sunkún.

Orímọlóyè, àbúrò ọkọ rẹ̀, ẹni tí omi tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Abíọ́nà, ń wa ọkọ̀ kọjá.

“Ìyàwó, ṣé kò sí? Àwọn èèyàn ń di ọgbà, ìwọ ń tú u.”

“Ẹbọ ni, ọkọ mi. Erinmi kan náà ló ń gba omi tiyín. Bóyá kí ẹ̀yin náà tú díẹ̀.”

Orímọlóyè rẹ́rìn-ín títí àjẹ̀ ọkọ̀ fi fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Ẹbọ fún erinmi! Èmi kì í ṣílẹ̀kùn fún olè.”

Kò pẹ́ tó kó ọdẹ méjì wá. Wọ́n gún ẹran náà ní èjìká, ó ké, ó sì sá kúrò nínú omi Orímọlóyè pátápátá. Ọkùnrin náà wá di ọgbà ní ìlọ́po méjì. Omi rẹ̀ parọ́rọ́, àwọn àgbà sì yìn ín.

Òjò ọdún náà pọ̀. Omi gbé ojú oró àti òṣíbàtà wá sí ẹ̀ka odò méjèèjì. Nínú ti Orímọlóyè, kò sí ẹsẹ̀ tí yóò là wọ́n já. Wọ́n tẹ́ bẹẹrẹ, ẹrẹ̀ sì ń sùn lábẹ́ wọn. Nínú ti Abíọ́nà, erinmi ń kọjá láràárọ̀. Ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀ ń gbẹ́ ìsàlẹ̀ odò, àyà rẹ̀ ń ya koríko, ẹja kéékèèké sì ń tẹ̀lé ìgbẹ́ rẹ̀. Abíọ́nà kò mọ èyí o. Ohun tó mọ̀ ni pé akàn àti ìsáwùrú ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣà jẹ, tí ọmọ kékeré sì ń béèrè ẹja. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ọparun kan láti fi dí ẹnu omi padà. Ó dúró pẹ̀lú rẹ̀ títí apá fi ń ro ó, ó sì jù ú nù.

Ọyẹ́ dé, omi fà. Omi Orímọlóyè di ẹrẹ̀ àti koríko. Ẹja tó há síbẹ̀ kú, ẹyẹ òfú àti lékeléke kó wọn jẹ, ọkọ̀ rẹ̀ kò sì lè kúrò lójú kan. Ṣùgbọ́n ní ti Abíọ́nà, ọ̀nà tí erinmi gbẹ́ ṣì kún dé àyà èèyàn, gbogbo ẹja tí omi ọ̀gbun kékeré ti gbẹ mọ́ lára ló sì sá wọ ibẹ̀: ọbọ̀kún, epìà, àrọ̀. Ó dẹ ìgèrè. Ọkọ̀ kan kún. Ó yá ọkọ̀ kejì, òun náà kún.

Ó gbé ọkọ̀ kan lọ fún ẹbí ní orúkọ ọkọ rẹ̀. Ó gbé èkejì lọ ní orúkọ Orímọlóyè, kí wọ́n má baà gba omi lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ti ọkùnrin náà débi pé kò lè gbé orí sókè.

Ọkùnrin náà tú ọgbà rẹ̀ méjèèjì, ó sì lọ bá ìyá arúgbó.

“Ìyá, ẹbọ wo ni a fi ń pe erinmi padà?”

“Èyí tí ìyàwó yín rú náà ni. Ṣùgbọ́n a ti gún àlejò, ọmọ mi. Bóyá yóò gbà á, n kò mọ̀.”

Orímọlóyè rú u. Ó gé koríko tútù sí bèbè, ó ń dúró láràárọ̀. Erinmi a yọrí ní ẹnu omi rẹ̀, pẹ̀lú àpá ní èjìká, a fimú fa atẹ́gùn, a sì yà sí ti Abíọ́nà.

Báyìí ni ẹni tó gbọ́ tó sì rú ṣe là, tí ẹni tó fi ẹbọ ṣẹ̀rín sì kábàámọ̀. Títí Orímọlóyè fi darúgbó, lọ́dọọdún ni ó ń wọ inú ẹrẹ̀ pẹ̀lú àdá, ó ń la ojú omi rẹ̀, iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ mẹ́rin erinmi ti ń bá a ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀.