Lẹ́tà Tí Òfin Kò Jẹ́ Kí Àgbà Kà

Láàrin àwọn Júù tó tẹ̀ dó sí ìlú kékeré kan létí òkun, ọkùnrin kan wà tí wọ́n fi ṣe olùtọ́jú ìwé Òfin Mósè. Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ wá fẹjọ́ sùn mí lánàá pé ọmọ yín ń tijú ìdílé tí ẹ bí i sí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Nítorí yín ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Ìwé tí mò ń wí yìí kì í ṣe irú èyí tí à ń ṣí lójú ewé. Awọ ẹran ni, wọ́n rán an pọ̀, wọ́n ká a sórí igi méjì bí ẹni ká ẹní, ọwọ́ ni wọ́n sì fi kọ gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ìjọ náà ní. Nígbà tí wọ́n dáná sun ìlú àwọn baba wọn, bàbá àgbà ọkùnrin yìí ló fi kúbùsù pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí ọmọ ọwọ́, tó fi ẹsẹ̀ rìn dé etí òkun. Láti ìgbà náà, kò sí Ọjọ́ Ìsinmi kan, ìyẹn ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí wọn kò kà á. Wọ́n kà á nínú àgọ́, wọ́n kà á nígbà tí àrùn ń pa wọ́n. Ọkùnrin yìí ti búra pé kíkà náà kò ní í dúró lójú òun.

Ó fẹ́ràn ìwé náà gan-an ni. Igi kédárì ló fi kan àpótí rẹ̀. Ó rán aṣọ àrán méje fún un. Ọ̀pá fàdákà kékeré kan wà tí wọ́n rọ orí rẹ̀ bí ọwọ́ tó na ìka, òun ni òǹkàwé fi ń tọ ìlà, nítorí èèwọ̀ ni kí ìka èèyàn kan awọ náà. Àràárọ̀ lọkùnrin yìí ń nu ọ̀pá náà. Ẹni tó bá fẹ́ kí inú rẹ̀ dùn, kó ṣáà ti yin àpótí yẹn.

Àwọn ọmọdé nìkan ni kì í fẹ́ rí nítòsí ibẹ̀. Yàrá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sínágọ́gù tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ ìwé nígbà kan rí. Ó kó aṣọ àrán sínú rẹ̀, ó tì í pa. Opó kan nínú ìjọ, tó ń ṣe búrẹ́dì tà, lọ bá a.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ bá wa ṣí yàrá yẹn. Àwọn ọmọ wa kò mọ lẹ́tà kan ṣoṣo."

Ó dá a lóhùn pé, "Ìyá Tirsa, ẹ wo ọwọ́ wọn, oyin ló kún un. Ṣé ibi aṣọ àrán lẹ fẹ́ kó wọn sí? Ọmọ Júù ṣáà ni wọ́n, ó ti wà lára wọn. Tí wọ́n bá dàgbà, wọ́n á mọ̀ ọ́n."

Obìnrin náà dúpẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá, ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi kan, òǹkàwé ń kàwé lọ, ó kàn dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún wò ó. Rábì, olùkọ́ wọn, wá wò ó pẹ̀lú. Yíǹkì lẹ́tà kan ti ṣá nísàlẹ̀. Nínú èdè wọn, lẹ́tà kan wà tó dúró gbọọrọ bí ọ̀pá, òmíràn wà tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tó kúrú. Èyí tó wà níwájú wọn kò gùn tó, kò sì kúrú tó. Bí lẹ́tà kan péré bá sì bàjẹ́, gbogbo ìwé náà kò ṣe é kà mọ́. Wọn yóò ká a padà, wọn yóò ránṣẹ́ sí akọ̀wé lókè òkun, ó sì lè tó ọdún kan kí akọ̀wé náà tó dé.

Olùtọ́jú ní, "Rábì, gbogbo wa la mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ṣebí láti kékeré la ti ń gbọ́ ọ."

Rábì ní, "Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí á lè jẹ́rìí sí i. Ohun tí a ti mọ̀ lojú wa ń rí. Òfin ní kí á pe ọmọdé tó mọ lẹ́tà, tí kò tíì mọ ìtàn. Kì í ṣe ọmọ tó gbọ́n jù, kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tó bá pè é, òun ló jẹ́. Ẹ lọ mú ọmọ kan wá."

Ara olùtọ́jú balẹ̀, nítorí ọmọ pọ̀ nínú ìjọ. Ọmọ ọmọ tirẹ̀, ọmọ ọdún méje, ló kọ́kọ́ fà wá. Rábì fi aṣọ funfun bo ọ̀tún àti òsì lẹ́tà náà. Ọmọ náà wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, tó ń wá a lójú bàbá àgbà rẹ̀.

"Bàbá àgbà, kí lẹ fẹ́ kí n sọ?"

Gbogbo ìjọ ló gbọ́ ọ. Wọ́n pe ọmọ kejì, wọ́n pe ìkẹta, wọ́n pè é dé orí ìkọkànlá. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín, ọ̀kan sunkún, ọ̀kan ní ìwọ̀ ẹja ni. Olùtọ́jú wo àpótí kédárì, ó wo aṣọ àrán, ẹ̀rù bà á. Iná tó jó ìlú baba rẹ̀ kò dá kíkà náà dúró. Òun tó ń nu fàdákà ló fẹ́ dá a dúró yìí.

Lọ́dọ̀ àwọn obìnrin, opó náà dìde, ó fa ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ ọdún márùn-ún ni Tirsa. Wọ́n gbé e sórí àga. Bó ṣe rí lẹ́tà náà báyìí, ó na ìka sí i. Olùtọ́jú yára fi ọ̀pá fàdákà lé e lọ́wọ́. Ó rí i pé oyin wà lọ́wọ́ ọmọ náà. Síbẹ̀, ó jẹ́ kó dì í mú.

Ẹ bá mi wò ó o. Àwọn arúgbó onírùngbọ̀n funfun, tí wọ́n ti ka ìwé yẹn láti ìgbà èwe wọn, gbogbo wọn dúró, wọn kò mí, ẹnu ọmọ ọdún márùn-ún ni wọ́n ń wò. Ohun tí Mósè gbà lórí òkè, tó la iná kọjá, tó la omi kọjá, tí ọwọ́ ń gbé fún ọwọ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ó wá dúró sẹ́nu ọmọ tí kò tíì mọ okùn bàtà so. Bí mo bá ti ń rántí ibẹ̀ yìí, orí mi a máa wú.

Ó ní, "Fáfù ni. Èyí tó gùn ni. Màmá mi máa ń tètè yọ ọ́ kúrò nínú ààrò, torí ó tín-ín-rín, ó máa ń jó."

Láti ọjọ́ tí olùtọ́jú ti kọ̀ fún un, ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, tí obìnrin náà bá ti po ìyẹ̀fun rẹ̀, yóò fi díẹ̀ mọ lẹ́tà kan. Yóò yan án, yóò fi oyin ra á, ọmọ náà yóò sì pe orúkọ rẹ̀ kó tó jẹ ẹ́. Gbogbo ilé ìwé tó wà nílùú náà kò ju ìyẹn lọ.

Rábì ká aṣọ funfun kúrò. Ó ní, "Ìwé náà pé. Ẹ máa kà á lọ." Òǹkàwé bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti dúró, olùtọ́jú sì ń sunkún níbi tó wà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kó aṣọ àrán kúrò nínú yàrá náà, ó ṣí fèrèsé rẹ̀. Ó gbé àpò ìyẹ̀fun kan léjìká, ó di ilé opó.

"Ìyá Tirsa, ẹ forí jì mí. Ẹ bá mi kọ́ ọmọ ọmọ mi."

Obìnrin náà ní, "Ẹ gbé ìyẹ̀fun sílẹ̀ níbẹ̀, bàbá. Kí ọmọ náà wá lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ má sì fún un lóúnjẹ kó tó wá."

Bàbá, mo ti dé pálọ̀ yín. Mo rí oríkì ìdílé yín tí ẹ kọ sára pátákó, tí ẹ fi gíláàsì bò lára ògiri. Ó rẹwà, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àwa àgbà bá ń ṣiyèméjì lórí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, tí gbogbo ilé dákẹ́, tí wọ́n ní kí ẹ lọ mú ọmọ kan wá, èwo nínú àwọn ọmọ yín lẹ máa gbé sórí àga?