Pẹ́pẹ́yẹ Dárúkọ Ẹni Tí Wọ́n Jọ Jalè

Ẹ̀yin ọmọ, bí olè bá nawọ́ sí ẹnìkan, tó ní, "Èmi àti òun la jọ jalè náà," ṣé ẹ ó gbà á gbọ́? Ẹ máa rò ó lọ. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ajá, olórí ẹ̀ṣọ́ ìlú ẹran ọ̀sìn.

Agbọ̀n ẹja gbígbẹ tí ìlú gbé kọ́ sókè òpó lábẹ́ òrùlé ló ṣófo. Ológbò tó ń ṣọ́ ọ ní oorun ló gbé òun lọ. Ajá fimú tọ òórùn ẹja títí, ó bá Pẹ́pẹ́yẹ lẹ́yìn ògiri, ẹja ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Pẹ́pẹ́yẹ ò lè gun òpó, Ajá sì mọ̀ pé kò lè dá a jí. Ó ní, "Dárúkọ ìkejì rẹ, n ó tú ọ sílẹ̀."

Pẹ́pẹ́yẹ ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ,
*Sọ ọ́ ká gbọ́.*
Ta lẹ jọ kó ẹja ìlú?
*Sọ ọ́ ká gbọ́.*
Bó o bá sọ ọ́, o dilé rẹ,
*Sọ ọ́ ká gbọ́.*

Pẹ́pẹ́yẹ wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ẹlẹ́dẹ̀ ni! Òun ló gun òpó lọ sókè, tó ń ju ẹja sílẹ̀ fún mi."

Ìlú hó yèè. "Ta ni ò mọ ikùn Ẹlẹ́dẹ̀!"

Ológbò ní, "Ọ̀gá Ajá, kí lẹ tún ń wò? Ẹ lé e jáde nílùú!"

Ẹlẹ́dẹ̀ bú sẹ́kún. Ọmọ mẹ́fà ló ń mu ọmú lábẹ́ rẹ̀. "Ibo ni kí n kó wọn gbà?"

Ọkàn Ajá ò balẹ̀. Ẹni tó ń wá bó ṣe máa bọ́, kí ni kò lè sọ? Bẹ́ẹ̀, Pẹ́pẹ́yẹ nìkan ló wà níbẹ̀ tó lè sọ ọ́. Ó ní, "Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gun òpó náà ká wò yín."

Ẹlẹ́dẹ̀ di òpó mú. Ó fò, gbì! Ó tún fò, gbììì! Ó fìdí jókòó. Àwọn ewúrẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀rín kú.

Ajá wo òpó. Ojú èékánná wà lára rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè. "Pẹ́pẹ́yẹ, o purọ́ orúkọ, ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé ẹnìkan gun òpó. Ta ló gùn ún? Bó o bá tún purọ́, ìwọ ni n ó lé."

"Ọ̀gá, ó ní bí mo bá sọ, òun ó jẹ àwọn ọmọ mi tán."

"Ẹ̀ṣọ́ mi á sùn tì wọ́n. Sọ ọ́."

*Sọ ọ́ ká gbọ́!*

Pẹ́pẹ́yẹ fẹnu júwe. Ajá gbá ẹsẹ̀ onítọ̀hún mú, ó gbé èékánná rẹ̀ lé ojú òpó. Ó bá a mu régí!

Ibí ni mo ti sọ àlọ́ mi kalẹ̀. Ó kọ́ wa pé ká gbọ́ ti olè tó ń tú àṣírí, ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ lọ wo òpó ká tó lé ọmọ ẹlòmíràn nílùú. Ó yá, ẹ̀yin ọmọ, ta ló gun òpó?

Ológbò!