Ilé Tí Alúkì Kọ́ Sórí Òkun

Ìtàn mi kọrí sí òkun àríwá, níbi tí omi ti ń dì gbagidi, tí oòrùn kì í yọ fún odidi oṣù méjì. Tọ́nbúlù, ọ̀gá ọkọ̀ ogun ńlá kan, fẹ́ fi ọkọ̀ rẹ̀ fọ́ yìnyín tí àwọn ará abúlé ń gbà lọ ṣọdẹ. Ó ní kò sẹ́ni tó ni òkun, àfi tí wọ́n bá lè fi ilé tí wọ́n kọ́ sórí omi han òun kó tó di ọ̀la. Alúkì, ìyá arúgbó kan, ní kó tẹ̀ lé òun. Wọ́n rìn títí, ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ wọn sì ń kérora bí aláìsàn. Alúkì ní, "Ẹ má dá a lóhùn." Bí wọ́n ṣe kan ilé ìrì dídì kan, ìyá wọlé, ó sé ẹnu ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ dojú kọ Tọ́nbúlù. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wọlé." "Ta lẹ ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀?" "Ẹ̀yin onílé ni." Ó ṣílẹ̀kùn fún un. Bó ṣe jókòó, ó gbọ́ tí nǹkan ń mí lábẹ́ ìdí rẹ̀. Alúkì ká awọ tó fi jókòó kúrò: ihò ni, omi dúdú ló wà nínú rẹ̀, ẹran omi kan tó lójú bí ènìyàn yọrí, ó wò ó, ó sì rì padà. "Òkun nìyẹn," Alúkì wí. "Ẹ ti rí ilé, ẹ sì ti tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́." Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ ogun náà fọn fèrè, ó dúró kí wọ́n dá a lóhùn. Alúkì ń rán bàtà lọ́wọ́. Ó jẹ́ kó dúró.