Orúkọ Méjì Tí Ìkòkò Ń Jẹ́

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi ń yí bọ̀ gbirigbiri, kò dúró níbì kankan àfi lẹ́nu ihò Òkété. Ìyá mi ló pa á fún mi, níbi tí ẹ jókòó sí yìí gan-an.

Ní ìgbà kan rí, ìyàn mú nílùú àwọn ẹranko. Ọ̀yà, ìyá àgbà kan, nìkan ló ní ìkòkò tó ń bọ́ gbogbo agboolé. Bí o bá pe orúkọ ìkòkò náà, tí o sì dárúkọ iṣẹ́, ohun tí o wí ni yóò ṣe, ibi yòówù kó wà. Ní kó se àsáró, àsáró á kún inú rẹ̀. Kì í béèrè ìdí.

Láàárọ̀, Òkété máa ń gbọ́ tí Ìyá àgbà ń wí pé, "Dúdúyẹmí, se àsáró." Lálẹ́, yóò gbọ́ tí Ọ̀kẹ́rẹ́, ìyàwó ilé náà, ń wí pé, "Adúmáadán, se ẹ̀wà." Òkété ní, àṣé ìkòkò méjì ni wọ́n ní! Kò tilẹ̀ yọjú wò ó.

Ló bá lọ bá Ọ̀kẹ́rẹ́, ó ní kó yá òun ní Adúmáadán, ebi ń pa àwọn ọmọ òun. Àánú ṣe ìyàwó, ó gbé e fún un. Àwọn ọmọ Òkété jẹun yó lọ́jọ́ náà, wọ́n yó dé ọ̀fun. Ṣùgbọ́n ṣé yíyó tó Òkété? Ó rò ó pé bí Dúdúyẹmí bá fọ́, òun nìkan ni yóò kù tó ní ìkòkò, gbogbo agboolé yóò sì máa wá kúnlẹ̀ fún òun.

Ó yọ́ lọ sẹ́yìn ilé ìdáná Ìyá àgbà. Ó ní, "Dúdúyẹmí, fọ́."

Ilé ìdáná pa lọ́lọ́. Ilé Òkété ni nǹkan ti dún gbàà. Ó sáré délé. Àsáró ti dà sínú eérú, àwọn ọmọ rẹ̀ ń sunkún. Ó pe Adúmáadán títí ohùn rẹ̀ fi há, àpáàdì kò dáhùn.

Ìyá àgbà dé, ó wo àpáàdì nílẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá tó bí i lọ́mọ ló fi ìkòkò náà sílẹ̀ fún un. Òkété jẹ́wọ́ fún un pé Dúdúyẹmí lòun ní kó fọ́, kì í ṣe Adúmáadán.

Ìyá àgbà ní, "Èmi ni mo sọ ọ́ ní Dúdúyẹmí. Ìyàwó kì í pe ohun tó ṣáájú rẹ̀ délé lórúkọ, ìdí nìyẹn tó fi ń pè é ní Adúmáadán. Òkété, ìwọ tí ìyàwó ilé ń pè ní Eyínfúnjowó, ṣé ẹ̀yin méjì lẹ máa ń wá jẹun ni?"

Ìtìjú gbé Òkété wọ ihò, títí dòní, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣú kó tó jáde wá oúnjẹ.

Ìdí àlọ́ mi rèé: orúkọ lè jẹ́ méjì kí ẹni tó ń jẹ́ ẹ jẹ́ ẹyọ kan. Kí o tó ba ti ẹlòmíràn jẹ́, wò ó dáadáa bóyá tìrẹ náà ni.

Nígbà tí mo wà lọ́mọge nínú agboolé yìí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló sọ mí ní Ìbàdíàrán. Ó ti lọ. Gbogbo àwọn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ ti lọ tán, àárò wọn sì ń sọ mí. Ẹ̀yin ń pè mí ní Màmá Àgbà, mo sì ń jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá dúró lóde báyìí tó pe Ìbàdíàrán, èmi náà ni n óò dìde.