Ìdí Tí Ẹdun Kò Fi Ní Àtàǹpàkò

Nígbà láéláé, nígbà tí gbogbo ẹranko ṣì ń gbé ìlú kan náà, tí wọ́n sì ń fọn iná lọ́wọ́ ara wọn, ìka márùn-ún ló pé sí ọwọ́ Ẹdun. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí i rí lórí igi gíga, abìrù gígùn tó wọ aṣọ dúdú òun funfun, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ mìíràn. Ìka mẹ́rin ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ibi tí ìka karùn-ún gbà lọ ni mo fẹ́ sọ, kì í sì í ṣe ìtàn ẹ̀rín.

Ẹkùn ló fà á. Ó ń pa ọmọ ẹranko jẹ ní àpakúpa, títí àwọn àgbà ìlú fi lọ bá a, tí wọ́n sì jọ mulẹ̀. Wọ́n ní lọ́dọọdún, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé, ilé kan yóò mú ọmọ kan wá sí ìdí òkè kan. Wọ́n ri òpó kan mọ́ ìsàlẹ̀ òkè náà. Òbí ọmọ yóò yí bọ́ọ̀lù onígi lẹ́ẹ̀kan péré láti òkè wá. Bí bọ́ọ̀lù bá wó òpó, ọmọ á bá òbí rẹ̀ relé. Bí kò bá wó o, Ẹkùn ló ni ọmọ. Àwọn àgbà pe èyí ní àlàáfíà.

Àkókó, ẹyẹ tó ń fi ẹnu gbẹ́ igi, ló ń ṣe àwọn bọ́ọ̀lù náà. Ihò mẹ́ta ló ń lu sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjì fún ìka àárín àti èyí tó tẹ̀ lé e, ọ̀kan fún àtàǹpàkò. Ọwọ́ ẹni tó ni bọ́ọ̀lù ló fi ń wọn ihò rẹ̀.

Ó máa ń sọ pé, “Àtàǹpàkò ló ń kọ́kọ́ jáde. Tó bá jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ìka méjì yòókù á ti bọ́ọ̀lù lọ síbi tí ojú ń wò. Tí ihò bá ṣò, bọ́ọ̀lù á já bọ́ kí ọwọ́ tó dé iwájú. Tó bá fún, kò ní gbà láti lọ.”

Ọdún kan wá yí kan ilé Ẹdun. Opó ni Ẹdun, ìbejì ni àwọn ọmọ rẹ̀, Táyé àti Kẹ́hìndé. Kò ní bọ́ọ̀lù tirẹ̀, ló bá yá ti Ìnàkí, aládùúgbò rẹ̀. Ọwọ́ Ìnàkí sì tóbi. Àtàǹpàkò Ẹdun ń mì nínú ihò náà, ó gbìyànjú láti fún un mọ́wọ́, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù já bọ́ síbi ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì yí wọ inú koríko. Ẹkùn gbé Táyé lọ.

Láti ìgbà náà, oúnjẹ kò wọ ẹnu Ẹdun mọ́. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo Kẹ́hìndé tó ń dá ṣeré tí wọ́n ti jọ ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ó rù kan egungun.

Ó ṣì ń ṣọ̀fọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Ẹkùn dé sí gbàgede ìlú.

Ẹkùn ní, “Oyún kan ni ìbejì. Ìdajì ni ẹ fún mi. Ọdún tó ń bọ̀, mo fẹ́ gba ìdajì tó kù.”

Àwọn ẹranko wo ojú ara wọn. Wọ́n mọ̀ pé bí ilé Ẹdun bá san án, ilé tiwọn bọ́ fún ọdún kan sí i. Ìnàkí wú ikọ́.

Ó ní, “Tí a bá rò ó dáadáa, ọ̀rọ̀ Ẹkùn jọ òótọ́.”

Kò sẹ́ni tó já a nírọ́. Àwọn kan ní kí á máa dá wọn láre, pé ẹ̀rù ló bà wọ́n. Ní tèmi, n kò tíì dá wọn láre.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni Ẹdun gba ilé Àkókó lọ.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá.”

“Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá Ìbejì.”

“Mo fẹ́ bọ́ọ̀lù tèmi. Ẹ wọn ọwọ́ mi.”

Àkókó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ wò, ó sì rọra fi í sílẹ̀. “Egungun ni mo rí yìí. N kì í wọn ọwọ́ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, baba mi náà kì í wọ̀n ọ́n. Ẹ lọ jẹun ná. Kí ara yín padà bọ̀ sípò, kí ẹ tó wá.”

“Ọkàn mi ò lè dúró. Ihò tó ṣò ló gba Táyé lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí tèmi fún, Bàbá. Ẹ jẹ́ kó mọ́ mi lọ́wọ́ pinpin.”

“Ihò tó fún náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni.”

“Ẹ̀yin kọ́ lẹ bí ọmọ tí wọ́n gbé lọ.”

Àánú ṣe Àkókó. Ó wọn ọwọ́ ọ̀fọ̀, ó sì lu ihò àtàǹpàkò bí Ẹdun ṣe fẹ́ ẹ. Ó gbé bọ́ọ̀lù sí àjà, nítorí èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni ti ọwọ́ bọ bọ́ọ̀lù tuntun kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Nígbà tó yá, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn ará ìlú. Wọ́n ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá, wọ́n ń gbé iṣu sísun wá, Ìnàkí gbé odidi ìdì àgbàdo. Ẹdun kò kí wọn dúpẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń lo oògùn, kí apá rẹ̀ lè lágbára fún ọjọ́ náà. Ẹran padà sí i lára. Ó padà sí apá rẹ̀, ó padà sí ìka rẹ̀. Ẹdun kò ronú kan ìka.

Ọjọ́ pé. Oòrùn mú gan-an. Ẹkùn dúró ti òpó nísàlẹ̀, Kẹ́hìndé wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Lórí òkè, Ẹdun ti àtàǹpàkò bọ ihò, ihò náà fún, ó fi epo pa á, ó tún tì í, títí ó fi wọlé. Kò mì rárá, inú rẹ̀ sì dùn. Ó ní èyí kò ní já bọ́.

Ó ju apá sẹ́yìn, ó jù ú síwájú. Bọ́ọ̀lù kò lọ. Ó bá ọwọ́ gòkè, ó sì fa Ẹdun dórí eékún. Ẹdun fa ọwọ́, kò yọ. Àtàǹpàkò ti wú sínú igi.

Àkókó fò wá bá a. “Mo lè fi ẹnu là á kí ẹ tó ṣẹ́jú.”

Ẹkùn ké láti ìsàlẹ̀ pé, “Bọ́ọ̀lù tó bá ti là kì í ṣe bọ́ọ̀lù mọ́. Bí ẹ bá là á, ọmọ di tèmi. Bó ṣe wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn, kò tíì kan ilẹ̀, ó ṣì lè jù ú.”

Kẹ́hìndé gbé ojú sókè. “Ìyá mi, ṣé a máa relé?”

“A máa relé,” ni Ẹdun dá a lóhùn. Ó wá yíjú sí Àkókó. “Ẹ fún mi láyè, Bàbá.”

Ó dìde. Ó gbé apá sẹ́yìn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì jù ú pẹ̀lú gbogbo agbára tó jẹ sára. Ohun tó dún nígbà náà, n kò ní sọ ọ́ fún ọmọdé. Bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́, àtàǹpàkò bá a lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ẹ̀jẹ̀ ń fa ìlà tẹ̀ lé e, ó sì gbá òpó dànù.

Ẹkùn wo òpó, ó wo ìka tó wà nínú igi. Ì bá wù ú kó gbé ọmọ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ṣí ẹsẹ̀ fún Kẹ́hìndé. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àwọn ará ìlú.

Ó ní, “Ó parí nílé Ẹdun. Ilé ta ló kàn?”

Ìnàkí tẹ orí ba.

Ẹdun kò dúró gbọ́ ẹni tí wọn yóò dárúkọ. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀, ọmọ yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún gbé e, ó tún yọ̀ bọ́. Ìgbà yẹn gan-an ló sunkún.

Ó ní, “Kẹ́hìndé, ìwọ ni kó o dì mí mú. Èmi ò lè dì ọ́ mú mọ́.”

Kẹ́hìndé dì mọ́ ọn láyà. Ẹdun fi ìka mẹ́rin kọ́ ẹ̀ka igi, ó gun igi tó ga jù nínú igbó, kò sì padà sí ìlú yẹn mọ́. Àwọn ọmọ tó tún bí níbẹ̀, ìka mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n gbé wáyé lọ́wọ́ méjèèjì.

Láti ọjọ́ náà ni Ẹdun kò ti ní àtàǹpàkò, tí kì í fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ wá bá ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà náà ni ọmọ Ẹdun kì í ti í dúró kí ìyá rẹ̀ di òun mú. Bí wọ́n bá ti bí i báyìí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dì mọ́ ìyá rẹ̀ láyà, kò sì ní jù ú sílẹ̀.