Ìkíni Tó Gùn Ju Okùn Kànga Lọ

Ìkòkò kì í bẹ ìdérí. Ọbẹ̀ tó bá hó ni yóò ṣí i fúnra rẹ̀.

Awo tó ń jẹ́ orúkọ yìí ló dá Ifá fún Ògúnjìnmí, olórí àwọn awakànga ní ìlú Ìjámọ̀, ní ọdún tí odò ìlú gbẹ tí kànga tuntun kò sì dúró. Òun náà ló tún dá Ifá fún Ọ̀jẹ́wùmí, ọmọṣẹ́ Ògúnjìnmí, ẹni tí ń sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò. Ifá kan náà ni. Ẹbọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ tẹ́tí sí ibi tí wọ́n ti yapa.

Iṣẹ́ kànga ní Ìjámọ̀ ní ìlànà tirẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ní í wà nísàlẹ̀. Òun ní í gbẹ́ ilẹ̀, tí í kó erùpẹ̀ sínú agbọ̀n. Àwọn olókùn a dúró lókè, wọn a fa agbọ̀n náà jáde. Àwọn obìnrin a ru erùpẹ̀ lọ dànù. Olórí a jókòó sí ẹnu kànga. Bí kò bá ṣe pé olórí sọ pé kí wọ́n fà, okùn kò gbọdọ̀ gbé ènìyàn sókè.

Ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ṣàdédé bá olórí sọ̀rọ̀. Yóò kọ́kọ́ kí i. Yóò ní, "Ẹ kú ìjókòó, Bàbá." Yóò ki oríkì rẹ̀, láti orí baba ńlá dé orí ìyá tó bí i. Yóò béèrè aya, yóò béèrè ọmọ. Olórí yóò máa dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí ni olórí yóò tó wí pé, "Ó yá, kí ló dé?" Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ láìkí, olórí yóò yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí olórí bá sì ti yíjú, kò sí olókùn tí í fa okùn.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Àṣà yìí ní ìdí. Ní ayé baba Ògúnjìnmí, àwọn awakànga a máa bú ara wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ẹni tí wọ́n ń fà bọ̀ bú ìyá olókùn. Olókùn bínú, ó jọ̀wọ́ okùn. Ẹni náà já lulẹ̀, ó kú. Láti ìgbà náà ni baba Ògúnjìnmí ti fi ìkíni ṣe òfin. Ìkíni ló pa ẹnu wọn mọ́, tí okùn fi dúró lọ́wọ́ wọn. Ohun tó gba ẹ̀mí là lánàá ni.

Ṣùgbọ́n nígbà tí odò gbẹ, omi sá lọ sísàlẹ̀ pátápátá. Kànga ní láti jìn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó sì ní láti gba inú iyanrìn kọjá. Iyanrìn kì í dúró gbọ́ ìkíni.

Adéṣípẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n Ògúnjìnmí obìnrin, ló kọ́kọ́ bá iyanrìn lọ nínú kànga. Ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ kànga ń ya. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kí. Ó ń kí lọ́wọ́ ni iyanrìn bò ó mọ́lẹ̀. Níbi ìsìnkú, àwọn àgbà mi orí. Wọ́n ní, "Ó kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ṣàfojúdi." Ìyẹn ni wọ́n fi tu ìyá rẹ̀ nínú.

Kànga mìíràn wó. Òmíràn tún wó. Àwọn awakànga bẹ̀rẹ̀ sí sá lọ sí ìlú mìíràn lọ ṣe àgbàro. Ọkàn Ògúnjìnmí kò balẹ̀ mọ́, ni ó bá tọ Ìkòkò-kì-í-bẹ-ìdérí lọ. Wọ́n ní kí ó rú òbúkọ àti ẹyẹlé. Wọ́n ní kí ó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹni tó wà nísàlẹ̀ máa ṣáájú ìkíni. Ògúnjìnmí gbọ́ òbúkọ, ó rú u. Ó gbọ́ ẹyẹlé, ó rú u. Nígbà tó kan ìyókù, ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀.

"Ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ máa ké lé mi lórí bí ẹni ń lé ewúrẹ́ nídìí iṣu? Ifá kò lè ní kí n di ẹni ẹ̀tẹ́."

Awo ní, "Bàbá, ẹbọ tí a rú lápá kan, apá kan náà ni í gbè."

Ògúnjìnmí bá tirẹ̀ lọ.

Ó wá kan Ọ̀jẹ́wùmí láti sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga tuntun. Ọ̀jẹ́wùmí yìí, kò sí ẹni tó mọ kíkí bí i tirẹ̀ ní Ìjámọ̀. Bí ó bá dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ a kan ilẹ̀. Àwọn ìyá a máa nàka sí i fún ọmọ wọn pé, "Ṣé o rí Ọ̀jẹ́wùmí? Ẹni tí a kọ́ tó gbẹ̀kọ́ nìyẹn." Òun náà lọ béèrè lọ́dọ̀ awo bóyá òun yóò jáde láàyè. Wọ́n ní kí ó rú àkùkọ kan. Ó ní òun ní àkùkọ. Wọ́n ní kí ó fi ìyìn rẹ̀ kún un.

"Ìyìn wo?"

"Ìyìn tí wọ́n ń yìn ọ́ pé o mọ kíkí. Lọ́jọ́ tí ilẹ̀ bá ń ya, ọ̀rọ̀ ni kí o kọ́kọ́ sọ."

"Wọn yóò ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́."

"Wọn yóò wí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní ẹbọ. Ẹnu rẹ nìkan kò sì tó. Wá ẹni tí yóò gbọ́ ọ."

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o. Ìwà kọ́ ni Ifá ní kí ó fi rúbọ. Ìyìn ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń kú sí.

Ọ̀jẹ́wùmí rú àkùkọ. Ó wá lọ bá Ẹ̀ṣúgbàmí, aṣáájú àwọn olókùn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré.

"Bí mo bá ké láìkí, ṣé wàá fà mí?"

Ẹ̀ṣúgbàmí bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ Ọ̀jẹ́wùmí! Ìwọ tí o máa ń kí ewúrẹ́ kí o tó lé e?"

"Mo bi ọ́ ní ìbéèrè."

Ẹ̀rín kúrò lójú Ẹ̀ṣúgbàmí. "Ọ̀rẹ́ mi, mo níyàwó, mo bímọ. Bí Bàbá bá lé mi kúrò nídìí okùn, kí ni n ó máa fà? Irùngbọ̀n?"

"Adéṣípẹ̀ náà níyàwó."

"Má fi òkú bá mi jà."

Àwẹ̀ró, ìyàwó Ọ̀jẹ́wùmí, wà lára àwọn obìnrin tí ń ru erùpẹ̀. Ó ń gbọ́ wọn. Ó sọ agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ ọkọ mi," ó ní, "ẹ ti sọ tiyín, ẹ gbọ́ tèmi. Bí ọkọ mi bá ké tí ọwọ́ yín kò bá yá, ẹ kúrò lọ́nà. Ọwọ́ tó ń ru erùpẹ̀ yìí mọ okùn fà."

Ẹ̀ṣúgbàmí ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

Ọjọ́ iṣẹ́ pé. Oòrùn mú. Ọ̀jẹ́wùmí ti wà nísàlẹ̀ láti àárọ̀, ilẹ̀ sì ti ń tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Omi kò jìnnà mọ́. Bí ó ti gbé ọkọ́ sókè, iyanrìn ta sí i lọ́rùn. Ó wòkè. Ó rí ìlà kan lára ẹ̀gbẹ́ kànga, tó ń là bọ̀ bí ẹnu ẹni tí ń yán.

Ìkíni ti dé ètè rẹ̀. Ó ti mọ́ ọn lára. "Ẹ kú ì..." Ó gé e. Ó gbé ìyókù mì.

"Ilẹ̀ ń ya! Ẹ fà mí!"

Ògúnjìnmí rọra yí ojú rẹ̀ sí ọ̀nà oko.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?" ó ní. "Mi ò gbọ́ ìkíni."

"Bàbá, ilẹ̀ ń ya!"

"Ọmọ tí a kọ́ nílé a kọ́kọ́ kí."

"Ẹ ó gbọ́ ìkíni lókè! Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni nínú ihò! Ẹ̀ṣúgbàmí, fà mí!"

Okùn wà lọ́wọ́ Ẹ̀ṣúgbàmí. Ó ń wo ẹ̀yìn orí Ògúnjìnmí. Àwọn olókùn yòókù ń wo Ẹ̀ṣúgbàmí. Àwẹ̀ró ju agbọ̀n nù, ó di okùn mú.

"Ojú ta lẹ̀ ń wò, Ẹ̀ṣúgbàmí? Ojú ò sí níbẹ̀. Ìpàkọ́ ni!"

Ẹ̀ṣúgbàmí kígbe bí ẹni tí iná jó. Ó fà. Nígbà tó fà, àwọn yòókù fà.

Ọ̀jẹ́wùmí yọ orí. Ó yọ àyà. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan koríko ni ẹ̀gbẹ́ kànga ya lulẹ̀, tí ilẹ̀ sì mì lábẹ́ Ògúnjìnmí. Ó yíjú padà. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ibi tí Ọ̀jẹ́wùmí ti ń gbẹ́ ilẹ̀ ti kún fún iyanrìn.

Ohun tó kọ́kọ́ ti ẹnu olórí jáde ni pé, "Ta ló ní kí ẹ fà?"

"Èmi ni," Àwẹ̀ró dáhùn.

"Èmi náà ni," Ẹ̀ṣúgbàmí ní. Kò tíì jọ̀wọ́ okùn.

Ọ̀jẹ́wùmí kò sọ ẹni tó jẹ̀bi. Pẹ̀lú iyanrìn nínú irun àti iyanrìn nínú eyín, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú olórí. Àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kí.

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá. Ọmọ a-walẹ̀-kílẹ̀-tó-jí. Ọmọ a-fọkọ́-kanlẹ̀kùn-omi..."

Ó ń kì í lọ. Ó ki baba ńlá. Ó ki baba. Kò kánjú rárá. Àwọn ènìyàn dúró, kò sí ẹni tó mira. Ojú Ògúnjìnmí ń lọ láti ẹnu Ọ̀jẹ́wùmí sí orí iyanrìn, ó ń padà. Nígbà tó kan ìyá rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ó tó."

"Ẹ jẹ́ kí n parí, Bàbá."

"Mo ní ó tó. Ibẹ̀ yẹn ni... Ibẹ̀ yẹn ni Adéṣípẹ̀ kí mi dé."

"Mo mọ̀. Gbogbo wa la wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìyókù."

Kò dìde, kò sì dákẹ́. Ó kí olórí rẹ̀ tán pátápátá. Ó béèrè aya, ó béèrè ọmọ. Ògúnjìnmí kò dá ọ̀kankan lóhùn. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí Ọ̀jẹ́wùmí parí, ó dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò lára.

"Mo ti kí yín, Bàbá. N ó tún kí yín lọ́la. Ṣùgbọ́n láti inú ihò, ẹ kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ lé mi, ẹ lé mi. Orí ẹní ni mo fẹ́ kú sí."

Ògúnjìnmí kò lé e. Ilé ló lọ, ó sì sùn láìjẹun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó dúró láàrin àwọn awakànga, ó rú ìyókù ẹbọ tí ó jẹ Ifá ní gbèsè.

"Ẹni tó bá wà nísàlẹ̀," ó ní, "ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ká kọ́kọ́ gbọ́. Bó bá ní ká fà, okùn ni kí ẹ fi dá a lóhùn, ẹ má wo ojú mi. Bó bá ti dókè, ẹ kí ara yín títí ilẹ̀ yóò fi ṣú."

Wọ́n gbẹ́ kànga mìíràn. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ a sọ ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀, àwọn ti òkè a fi okùn sọ igi kalẹ̀ fún un láti fi ti ẹ̀gbẹ́ kànga. Nígbà mìíràn ohun tó sọ kì í dùn-ún gbọ́. Ògúnjìnmí a fa ojú ro, ṣùgbọ́n kò yí i padà mọ́. Kànga náà dúró. Omi sun. Ìjámọ̀ mu, ẹran ọ̀sìn wọn mu.

Ìyìn Ọ̀jẹ́wùmí kò padà wá o. Ohun tí a bá fi rúbọ kì í padà wálé. Àwọn ìyá wá ẹlòmíràn tí wọn yóò máa nàka sí. Àwọn àgbà kan ń sọ títí ó fi darúgbó pé aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni, pé ó ké mọ́ ọ̀gá rẹ̀ lójú ayé. Bí wọ́n bá sọ ọ́ lójú rẹ̀, Ọ̀jẹ́wùmí a bu omi kànga náà mu, a ní, "Ó tutù."

Ògúnjìnmí rú apá kan, kànga wó. Ó rú ìyókù, omi sun. Ọ̀jẹ́wùmí gbọ́ràn sí awo lẹ́nu láti ìbẹ̀rẹ̀, ó fi ìyìn rúbọ, ó gba ẹ̀mí. Ohun tí Ifá yìí ń sọ nìyẹn fún gbogbo ibi tí ènìyàn méjì ti jọ ń ṣiṣẹ́, tí ọ̀kan wà lókè tí èkejì wà nísàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí ẹnu kànga, ẹ kọjú sí i. Ẹ̀yin tí ẹ di okùn mú, ẹ má wo ìpàkọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú rẹ̀ tí iyanrìn ti ń ta sí lọ́rùn, ẹ ké. Ìkíni ń dúró dè yín lókè. Kò ní sá lọ.